Ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí ẹ dí lọ́nà: bí a ṣe ń to Opposition Instructions nínú Football Manager

Àbúrò mi kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Mo ní kí wọ́n máàkì gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n fínná mọ́ gbogbo wọn, síbẹ̀ ayò mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé mi." Football Manager ló ń gbá, eré orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Mo ṣí ojú ewé Opposition Instructions rẹ̀, níbi tí a ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa ohun tí wọ́n máa ṣe sí alátakò kọ̀ọ̀kan. Láti orí asọ́lé alátakò títí dé orí atamátàsé wọn, kò sí àpótí kan tó ṣófo. Tight Marking, Always. Trigger Press, Always. Tackling, Hard. Mọ́kànlá nínú mọ́kànlá.

A jọ wo ayò àkọ́kọ́ padà. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìn wọn, lọ́hùn-ún réré nítòsí ilé wọn, níbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ọmọ àárín àbúrò mi fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a. Ará ẹ̀yìn yẹn kàn rọra ta bọ́ọ̀lù náà sí ibi tí ọmọ yẹn ti kúrò ni. Páàsì méjì lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Mo dá eré náà dúró, mo fọwọ́ kan àyè gbayawu tó wà láàárín. "Ta ló yẹ kó wà níbí?"

Lórí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí dúró lé. Àṣẹ tí ẹ bá pa lórí alátakò, ọmọ tiyín ni yóò mú un ṣẹ, kó sì tó lè mú un ṣẹ, àfi kó kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Àyè tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni owó tí ẹ san. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ àpótí kankan, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló máa lọ, ibo ló máa fi sílẹ̀, ta ló sì máa rí àyè yẹn lò?

FM24, ẹ̀dà Football Manager kan, ni mo fi ń ṣàlàyé, èyí tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń gbá a, torí pé Sports Interactive, àwọn tó ń ṣe eré náà, wọ́gi lé FM25 ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí FM26 sì dé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ti tún gbogbo ojú rẹ̀ ṣe. Ibi tí mo bá ní kí ẹ tẹ̀, FM24 ni mo ń wò.

Ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ igbákejì yín

Lọ́pọ̀ ìgbà, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń to àwọn àṣẹ yìí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ lọ sí Responsibilities ní abẹ́ Staff, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Opposition Instructions sí, kí ẹ sì gbé e wá sọ́dọ̀ ara yín. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ẹ lè fi wákàtí kan to nǹkan, kí igbákejì yín sì nù ún kúrò lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ pé igbákejì kò wúlò. Ẹ wo Tactical Knowledge rẹ̀. Bó bá tó mẹ́rìndínlógún nínú ogún, ẹ máa gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀. Bó bá jẹ́ méje, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó, ẹ má fi èyí lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Tactics, ẹ ṣí Opposition Instructions. Ẹ óò rí i pé a lè pàṣẹ lọ́nà méjì. Ọ̀nà kan ni kí a pa á lórí ipò, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbá apá ọ̀tún wọn, báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ọ̀nà kejì ni kí a pa á lórí ẹnì kan pàtó, a ó dárúkọ rẹ̀. Èmi máa ń jẹ́ kí ti ipò ṣófo pátápátá. Ẹni tó ń gbá apá ọ̀tún lónìí lè jẹ́ ọmọ tó ń sáré bí ẹfúùfù, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì lè jẹ́ àgbàlagbà tí kò lè sáré mọ́ àmọ́ tó mọ páàsì ta bí idán. Àṣẹ kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì mu. Nígbà tí àwọn alátakò bá ti kó orúkọ àwọn mọ́kànlá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ eré gan-an ni mo máa ń tò ó, lórí ẹni tí mo ń fojú rí.

Ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀

Ẹ tẹ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wò, kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún gbogbo ẹgbẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá òsì tàbí ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ Very Strong, Strong, Fairly Strong, Reasonable, Weak tàbí Very Weak. Ìkejì ni àwọn nọ́ńbà orí rẹ̀, ìyẹn Composure (ìfarabalẹ̀), Decisions (ìpinnu), Concentration (ìfọkànsí) àti Bravery (ìgboyà). Ìkẹta ni First Touch (bó ṣe ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ra) àti Passing. Ìkẹrin ni àwọn àṣà tó ti mọ́ ọn lára, tí wọ́n ń pè ní Player Traits. Bí ẹ bá rí "Dwells On Ball" lára ẹni, ẹni tó ń pẹ́ lórí bọ́ọ̀lù nìyẹn, inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i. Bí ẹ bá rí "Comes Deep To Get Ball" lára atamátàsé, ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ wá gba bọ́ọ̀lù nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn, màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ni ẹ rí níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà, bí 9-14, a jẹ́ pé àwọn amí yín kò tíì mọ ọmọ náà dáadáa. Ẹ rán wọn lọ wò ó ṣáájú ọjọ́ eré. Ẹni tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má pàṣẹ lé e lórí.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ padà wá wo tiyín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ta ni yóò dojú kọ ọmọ yẹn gan-an? Báwo ni eré sísá rẹ̀ ṣe rí, báwo ni Marking àti Stamina rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fò ibi yìí dá, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń jìyà.

Ẹsẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀

Nínú gbogbo àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Show Onto Foot ni mo fẹ́ràn jù, torí pé òun ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọmọ yín kúrò ní ipò rẹ̀. Ara rẹ̀ ló kàn máa yí díẹ̀. Yóò dí ọ̀nà kan, yóò fi èkejì sílẹ̀ fún alátakò, pé ó yá, gba ibí.

Gbogbo ayé ló mọ ohun tí Arjen Robben máa ṣe. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni, apá ọ̀tún ni Bayern Munich sì ń fi í sí láti 2009 títí di 2019. Yóò gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà, yóò gé wọnú, yóò fi òsì yìn ín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àpótí yìí fún. Bí ẹ bá fi "Right" sí i, ará ẹ̀yìn òsì yín yóò dúró sí inú, yóò dí ọ̀nà àárín pa, yóò sì lé e lọ sí ẹ̀bá ìlà níbi tó ti jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló lè lò.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹni tí ẹ bá lé lọ sí ẹ̀bá ìlà yóò sáré, yóò sì ta kíróòsì. Ṣé ará ẹ̀yìn yín lè bá a sáré? Bí Pace alátakò bá jẹ́ mẹ́rìndínlógún, tí ti ọmọ yín jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀nà márosẹ̀ lẹ ṣí fún un yẹn. Àti pé ta ló ń dúró de kíróòsì náà nínú àpótí? Bí atamátàsé wọn bá jẹ́ òmìrán tí Jumping Reach rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè fò ga tó, jẹ́ mẹ́tàdínlógún, ó lè sàn kí ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn gé wọnú, kí ó bá ọmọ àárín yín méjì pàdé níbẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ wo Ademola Lookman, ọmọ wa tí wọ́n bí sí London. Ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún tó ń gbá apá òsì ni, ẹni tó bá rí i yóò rò pé kò ju kí òun tì í sí òsì lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, Atalanta na Bayer Leverkusen ní ayò mẹ́ta sí òdo nínú àṣekágbá Europa League. Leverkusen yẹn ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànléláàádọ́ta láìpàdánù kó tó di ọjọ́ náà, Lookman nìkan ló sì gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáwọ̀n. Ìkejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi rọ̀ ọ́ wọlé láti ìta àpótí. Ìkẹta, ẹsẹ̀ òsì ló fi fọ́ ọ lọ sókè àwọ̀n. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má lo Show Onto Foot fún un rárá, ẹ óò kàn máa yí ara ọmọ tiyín kiri lásán ni.

Ohun tí mo ń tẹ̀ lé nìyí: bí ẹsẹ̀ kejì alátakò bá jẹ́ Reasonable tàbí tó kéré sí i, mo máa ń fi "Weaker" sí i. Bó bá ti jẹ́ Fairly Strong lọ sókè, mo fi í sílẹ̀. Lórí àwọn ará àárín, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Lórí atamátàsé tó ń fẹ́ yìn ín láti ibi gbogbo, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Fífínná mọ́ ẹni

Trigger Press ni kí ọmọ yín sáré lọ bá ẹni tó gba bọ́ọ̀lù, kó má jẹ́ kó mí. Òun ló ná yín lówó jù, nítorí ó ń yọ ènìyàn kúrò ní ipò, ó sì ń jẹ okun wọn. Ẹ máa wo ọkàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan: aláwọ̀ ewé ni ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, bí ìṣẹ́jú bá ṣe ń lọ, yóò máa pọ́n. Ẹgbẹ́ tó ń fínná mọ́ ènìyàn mọ́kànlá yóò ti máa mí hẹlẹhẹlẹ kí ìdajì kejì tó gbóná.

Ta ló yẹ kí ẹ fínná mọ́? Ẹni tí yóò ṣe àṣìṣe bí ìdààmú bá dé ni. Composure tó kéré, First Touch tó kéré, Decisions tó kéré. Bí ẹ bá rí ará àárín tí Passing rẹ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣùgbọ́n tí Composure rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, ọwọ́ yín ti tẹ ẹ nìyẹn: bó bá ráyè, yóò fi páàsì pa yín, bí ẹnì kan bá wà lọ́rùn rẹ̀, yóò gbé bọ́ọ̀lù fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo rẹ̀ ti ju mẹ́rìnlá lọ, bí ẹ bá rán ọmọ kan sí i, yóò gé e kọjá, ẹ ó sì ti dín lẹ́nì kan.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn àárín wọn gba ìrònú. Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù ta nínú wọn ni kí a fínná mọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni mo ń fínná mọ́, mo sì máa ń fi "Never" sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, kí gbogbo ọ̀nà di fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí bọ́ọ̀lù máa padà sọ́dọ̀ ẹni tí Passing rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Òun ni kó máa darí eré wọn. Yóò gbé e wá síwájú díẹ̀, kò ní rí ẹni tó máa fún, yóò sì gbá a sókè lálá. Ọmọ yín á kàn fi orí gbà á.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ń kó gbogbo ọmọ yín sẹ́yìn ni, bí àwa tí ẹgbẹ́ wa kò lágbára ṣe máa ń ṣe nílé àwọn ńlá, ẹ fi "Never" sí àwọn ará ẹ̀yìn wọn méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atamátàsé yín á máa dá sáré kiri lọ́hùn-ún bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, nígbà tí ẹ bá sì gba bọ́ọ̀lù, kò ní lókun tó fi máa sáré mọ́.

Rírọ̀ mọ́ ẹni

Tight Marking yàtọ̀ sí fífínná. Fífínná wà fún ẹni tó ti gba bọ́ọ̀lù, rírọ̀ mọ́ ẹni wà kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ yín yóò dúró tì í pẹ́kípẹ́kí, ibi tó bá lọ ni yóò bá a lọ. Ibẹ̀ ni ewu wà: ibi tó bá lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1974, ní Munich, nínú àṣekágbá ife àgbáyé, Berti Vogts ni Ìwọ̀-oòrùn Jámánì fi ṣọ́ Johan Cruyff ti Netherlands. Eré kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí Cruyff fi sọ̀kalẹ̀ wá gba bọ́ọ̀lù nítòsí àárín pápá, ó sáré kọjá Vogts, ó já wọ àpótí, Uli Hoeness sì ré e lulẹ̀. Neeskens gbá pẹ́náritì náà wọlé. Láìpẹ́, Vogts gba káàdì yẹ́lò. Síbẹ̀ wọn kò yí àṣẹ padà. Vogts rọ̀ mọ́ Cruyff títí eré fi parí, Jámánì sì gba ife náà pẹ̀lú ayò méjì sí ọ̀kan. Ohun méjèèjì ló wà nínú ìtàn yẹn. Àṣẹ náà lè gbẹ̀mí yín là, ó sì lè pa yín láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ẹ bá fi ṣe é ló ń pinnu rẹ̀.

Nínú FM, ẹni tí ẹ máa rọ̀ mọ́ ni atamátàsé tó ń dúró sójú kan, tí kò yára ju ará ẹ̀yìn yín lọ. Ẹni tó ń kọ ẹ̀yìn sí ilé láti gba bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní Target Forward, bí ẹ bá rọ̀ mọ́ ọn, kò ní ráyè yí padà. Ṣùgbọ́n bí Acceleration rẹ̀ bá fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ju ti ọmọ yín lọ, ẹ fi "Never" sí i. Ẹni tó ń yára, àyè ni ẹ fi ń ṣọ́ ọ. Bí ọmọ yín bá sún mọ́ ọn jù, yóò yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ nìyẹn.

Atamátàsé tó ń sọ̀kalẹ̀, False Nine, ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2009, Guardiola, tó ń darí Barcelona nígbà náà, gbé Messi kúrò ní ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín nílé Real Madrid. Messi kò dúró sí iwájú, ó ń sọ̀kalẹ̀ wá. Bí àwọn ará ẹ̀yìn Madrid bá tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn wọn á ṣófo fún àwọn tó ń sáré láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọn kò bá tẹ̀ lé e, yóò yí padà tọ̀ wọ́n wá. Ayò mẹ́fà sí méjì ni Barcelona fi na Madrid. Bí ẹ bá fi Always sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ti bá alátakò yín tú ẹ̀yìn ara yín. Ẹ fi "Never" sí Tight Marking rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ àárín tó ń dúró níwájú àwọn ará ẹ̀yìn gbà á lálejò.

Tákù

Mi ò ní pẹ́ níbí. "Hard" wà fún ẹni tí Bravery rẹ̀ kéré, tí ara rẹ̀ kò gba ìfarakanra. Lẹ́yìn tákù líle méjì, yóò máa jáwọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Easy" wà fún ẹni tó mọ ènìyàn gé.

Ẹni tó bá ti rí ayò tí Jay-Jay Okocha gbá wọlé Oliver Kahn fún Eintracht Frankfurt ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993 kò nílò àlàyé mi. Wọ́n ń ju ara wọn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, asọ́lé àti ará ẹ̀yìn, ó ń yí bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún, ó ń yí i sí òsì, ó ń dúró kí wọ́n ṣubú tán. Ẹni tí Dribbling àti Agility rẹ̀ bá ti kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ju ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó máa fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn títí ìrànlọ́wọ́ fi máa dé.

Nígbà tí ọmọ yín bá sì gba káàdì yẹ́lò, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ yọ "Hard" kúrò lórí ẹni tó ń bá fà á. Mo fi ọwọ́ ara mi pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí a ń borí pẹ̀lú ayò méjì nítorí èyí: mo gbàgbé, káàdì kejì dé ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gọ́ta, a di mẹ́wàá, wọ́n sì gbá mẹ́ta wọlé wa. Ó dùn mí dé ọjọ́ kejì.

Bí mo ṣe to ti ọjọ́ kan

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ́ kan ní League One, ìpele kẹta ní England, ni mo ń darí. A ń gbá 4-2-3-1. Ará ẹ̀yìn òsì mi kò yára, Pace rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, àmọ́ Positioning rẹ̀ dára. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa ń gbá 4-3-3.

Mo tẹ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi dúró ni wíńgà ọ̀tún wọn: ẹlẹ́sẹ̀ òsì, Pace mẹ́rìndínlógún, Dribbling mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ Weak. Ẹnì kejì ni ará àárín wọn tó ń pín bọ́ọ̀lù, Passing rẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Composure mẹ́sàn-án, "Dwells On Ball" wà lára rẹ̀. Ẹnì kẹta ni ọ̀kan nínú àwọn ará ẹ̀yìn àárín, Passing mẹ́fà, First Touch méje. Atamátàsé wọn ga, Jumping Reach mẹ́tàdínlógún, Pace mẹ́jọ.

Ti ará àárín yẹn ló rọrùn jù. Trigger Press, Always. Ọmọ mi tó wà lẹ́yìn atamátàsé ló sún mọ́ ọn jù, Work Rate rẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ibi tó sì máa fi sílẹ̀ kì í ṣe ibi tó léwu. Ti ará ẹ̀yìn, Trigger Press, Never.

Ti wíńgà ló gba àkókò mi. Bí mo bá tì í sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò sáré kọjá ọmọ mi tí kò yára, yóò ta kíróòsì sí òmìrán yẹn. Bí mo bá fi í sílẹ̀, yóò gé wọnú, yóò fi òsì yìn ín. Mo lọ wo àwọn ará ẹ̀yìn àárín mi: Jumping Reach wọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti mẹ́rìnlá. Mo wá rò ó pé kíróòsì tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lò ta, pẹ̀lú àwọn méjì yìí nínú àpótí, ó sàn fún mi ju òsì rẹ̀ láti ẹnu àpótí lọ. Show Onto Foot, Right. Tight Marking, Never, kí ọmọ mi fún un láyè díẹ̀, kó má lè kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tackling, Easy.

Lórí òmìrán yẹn, mi ò tẹ nǹkan kan. Àbúrò mi tó jókòó tì mí ní, "Ẹ̀gbọ́n, òun ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú wọn o!" Mo ní mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, ará ẹ̀yìn kan yóò máa tẹ̀ lé e kiri, ìlà ẹ̀yìn mi yóò sì wọ́. Ẹni tó ń fún un ní bọ́ọ̀lù ni mo dí, mo ti dí òun náà nìyẹn.

Ènìyàn mẹ́ta, àṣẹ márùn-ún. A gba ayò kan sí òdo. Ní ìdajì kejì, ará àárín yẹn pẹ́ lórí bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀, ọmọ mi já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ayò náà ti wá.

Nígbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ sí Comprehensive, ìyẹn ọ̀nà ìwòran tó ń fi púpọ̀ nínú eré hàn, ẹ má fi sí Key. Key kì í fi ohunkóhun hàn yín bí kò ṣe ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ọmọ tiyín tí ẹ pàṣẹ fún, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá sáré lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò gba nǹkan kan, tí wọ́n sì gba ibi tó fi sílẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ àṣẹ náà. Kì í ṣe ìtìjú.

Bí ìṣẹ́jú karùndínláàádọ́rin bá kọjá tí ẹ ń borí, ẹ wo àwọn ọkàn kékeré yẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ Trigger Press tó ń mú un sáré.

Nígbà mìíràn, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn yóò pààrọ̀ àwọn wíńgà méjèèjì láàárín eré. Àṣẹ tí ẹ pa lórí ẹni yóò bá a lọ sí apá kejì. Wíńgà ẹlẹ́sẹ̀ òsì tí ẹ ń tì sí ọ̀tún, nígbà tó wà ní apá ọ̀tún wọn, ẹ̀bá ìlà lẹ ń lé e lọ. Bó bá ti bọ́ sí apá òsì, inú, ìdojúkọ ilé yín gan-an, ni ọmọ yín ń tì í lọ báyìí. Ẹ yára lọ wò ó bóyá ẹ ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó ń mú àwọn ènìyàn jù ni ti pípààrọ̀ ọmọ. Bí ẹni tí ẹ pàṣẹ lé lórí bá jáde, àṣẹ náà bá a jáde nìyẹn, ẹni tó wọlé kò ní nǹkan kan lórí. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí mo sọ yẹn, wọ́n yọ wíńgà wọn ní ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́rin, wọ́n fi ọmọdé kan rọ́pò rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tó ń fẹ́ gba ẹ̀bá ìlà kọjá láti ta kíróòsì. Mo dá eré dúró, mo tẹ orúkọ rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Left, Very Weak. Mo fi Show Onto Foot sí Left, kí ọmọ mi lè dí ẹ̀bá ìlà, kó tì í wọnú sọ́dọ̀ àwọn ará àárín mi méjèèjì. Àbúrò mi ti na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kí eré máa lọ. Mo ní kó ní sùúrù, ó ku ẹnì kan tí wọ́n fi wọlé tí a kò tíì wò.